Bí A Ṣe Ń To Ẹ́ńjìnì Alágbára Tó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé fún Ọkọ̀ Asáré Ojú Títì

Ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè to ẹ́ńjìnì alágbára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni pé kí agbára náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin 100,000 kìlómítà. Àwọn tó ni ọkọ̀ ìdíje máa ń tú ẹ́ńjìnì wọn palẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọn á sì pààrọ̀ ohun tó bá ti jẹ. Ọkọ̀ asáré tí a fi ń rìn lójú títì kò ní àǹfààní yẹn. Ó gbọ́dọ̀ sítáàtì ní òwúrọ̀ tí òtútù mú, kó dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láìhó, kó sì tún lè fi gbogbo ipá rẹ̀ sáré nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé agbára fúnra rẹ̀ kì í sábà ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ohun mẹ́ta ló máa ń bà á jẹ́: ọ́ìlì tí kò dé ibi tó yẹ kó dé, ooru tí kò rí ọ̀nà jáde, àti epo tó bú gbàmù nínú sìlíńdà lásìkò tí kò yẹ. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ náwó lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kí ẹ tó ronú kan tọ́bò ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ pinnu iye agbára àti iye ìyípo

Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀ kí ẹ tó ra bóòtù kan ṣoṣo: iye agbára ẹṣin tí ẹ fẹ́, àti iye ìyípo tí kiráǹkì, ìyẹn irin tí písítìn ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, kò gbọdọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Inú nọ́ńbà méjèèjì yìí ni gbogbo ìpinnu yòókù yóò ti jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ agbára ẹṣin, ẹ sọ ipá ìyí, ní Newton-mita, di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìyípo, kí ẹ wá fi 7121 pín in. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni n ó máa lò kí ọ̀rọ̀ má bàa fọ́nká: ẹ́ńjìnì lítà méjì, oní sìlíńdà mẹ́rin, tí ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 86 mm, tí písítìn rẹ̀ ń rin 86 mm láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó ní tọ́bò, tí a sì fẹ́ kó mú 350 agbára ẹṣin wá ní ìyípo 6500. Ìṣirò fi hàn pé ipá ìyí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 383 Newton-mita níbẹ̀, kò sì sí ìdí kankan láti jẹ́ kí ó kọjá ìyípo 7200.

Ẹ bẹ̀rù ìyípo ju bí ẹ ti ń bẹ̀rù agbára lọ. Nígbàkígbà tí písítìn bá dé òkè, tó dúró, tó sì yíjú padà, òun ló ń fa kọ́nrọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó so ó pọ̀ mọ́ kiráǹkì, bí ẹni pé ó fẹ́ já a. Bí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, ipá ìfàyà yìí á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá gbé òpin ìyípo láti 7000 lọ sí 8000 ti fi nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìyà tí bóòtù kọ́nrọ́ọ̀dù ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé agbára tó rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwọ̀n tó ṣe é fi wéra ni ìpíndọ́gba eré písítìn: ẹ sọ ìrìn písítìn ní mítà di púpọ̀ pẹ̀lú méjì àti pẹ̀lú iye ìyípo, kí ẹ fi 60 pín in. Àpẹẹrẹ wa yóò fún wa ní mítà 20.6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìyípo 7200, èyí tí ẹ́ńjìnì tí a bá tò dáadáa lè fara dà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ́ńjìnì F20C tí Honda fi sínú S2000 ní 1999, tí písítìn rẹ̀ ń rin 84 mm, tí òpin ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ 9000, dé mítà 25.2. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ẹ̀rọ tó ní ilé ìdánwò ńlá nìyẹn. Ẹni tó ń to ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ṣe dáadáa bó bá dúró sí ìsàlẹ̀ 23.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò

Búlọ́ọ̀kù irin wúwo, ṣùgbọ́n kì í yára tẹ̀ tàbí kó yí padà bí ìfúnpá inú sìlíńdà bá pọ̀. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń yìn ẹ́ńjìnì 2JZ-GTE ti Toyota nìyẹn: irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ihò rẹ̀ àti ìrìn písítìn rẹ̀ sì jẹ́ 86 mm méjèèjì gẹ́gẹ́ bíi ti àpẹẹrẹ wa. Búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù náà dára, ó sì fúyẹ́, àmọ́ ẹ wo ògiri sìlíńdà rẹ̀ dáadáa. Bí omi bá yí orí sìlíńdà ká pátápátá, tí ohunkóhun kò dì í mú lókè, ó lè máa mì nígbà tí tọ́bò bá ń tì, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnì, yóò sì jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ búlọ́ọ̀kù náà kanlẹ̀ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú gbogbo ihò ọ́ìlì rẹ̀, kí wọ́n sì yọ àwọn ìdérí kéékèèké tó dí ẹnu ihò wọ̀nyí. Ìdọ̀tí irin tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ yóò dé inú bẹ́ríìnì, ìyẹn ibi tí kiráǹkì ti ń yí, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá sítáàtì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ibi tó bá ti sán: fún irin, a máa ń fi mágnẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ̀fun irin wá a, fún alumíníọ̀mù, a máa ń fi àwọ̀ olómi tó ń wọnú ibi tó sán wá a. Kiráǹkì àti kọ́nrọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ gba irú àyẹ̀wò yìí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìgérin bá ń fẹ ihò sìlíńdà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n de irin nínípọn mọ́ orí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ipá kan náà tí ẹ ó fi de orí ẹ́ńjìnì. Bóòtù orí máa ń fa ihò sìlíńdà, ihò tó rí roboto nígbà tí kò sí ohun tó dè é lè má rí roboto mọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti wà ní tító. Ríǹgì, ìyẹn òrùka tó yí písítìn ká, kò lè dí ihò tó ti wọ́. Ìlà dídábùú-ara tí wọ́n bá fi òkúta ìlọ̀ sí ara ògiri sìlíńdà ló ń di ọ́ìlì mú fún ríǹgì. Ẹ má ṣe gba sìlíńdà tó ń dán bíi dígí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìfúnpọ̀ àti epo tí ẹ ó máa rà

Epo tí ẹ lè rí rà lójoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ pinnu ìwọ̀n ìfúnpọ̀, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ tó kí iná tó tàn, ẹ má fi epo ìdíje tí ẹ ó rà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ṣe ìpinnu. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ wa gba nǹkan bí 499.6 cc. Bí a bá fẹ́ ìfúnpọ̀ 9 sí 1, àyè tó ṣẹ́kù nígbà tí písítìn bá dé òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ 62.4 cc, èyí tó ní àyè inú orí, àyè inú gásíkẹ́ẹ̀tì, àti kòtò orí písítìn nínú. Ẹ má ṣe gba iye àyè yìí látinú ìwé ilé iṣẹ́. Ẹ fi bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá dígí oníwọ̀n) àti ọ́ìlì fífúyẹ́ wọn ti sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá fi 0.5 mm tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí ẹ rò lọ yóò gbé ìfúnpọ̀ láti 9.0 dé nǹkan bí 9.4, ìyàtọ̀ yẹn sì tó láti sọ ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ di èyí tó ń bú gbàmù.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan níbí. Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì bá sọ pé ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kù, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé bẹ́ríìnì tàbí kọ́nrọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Ìbúgbàmù àìtásìkò tí mò ń sọ ni nǹkan tó máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí iná bá tàn láti orí púlọ́ọ̀gì, ó yẹ kó máa jó lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi dé ògiri sìlíńdà. Ṣùgbọ́n bí epo tó kù ní ìkángun bá gbóná jù, tí ìfúnpá sì ti fún un jù, gbogbo rẹ̀ á tanná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì ìfúnpá yìí á gbá orí písítìn bí òòlù, á ṣí ìpele afẹ́fẹ́ tín-ínrín tó ń dáàbò bo irin kúrò, ooru á sì wọ inú alumíníọ̀mù ní tààràtà. Ó lè fọ́ ibi tí ríǹgì jókòó sí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bí tọ́bò bá ń tì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Àyè tó wà láàárín ibi tó tẹ́jú lórí písítìn àti ibi tó tẹ́jú nínú orí ẹ́ńjìnì ń ṣèrànwọ́ púpọ̀ níbi yìí. Bí àyè náà bá jẹ́ nǹkan bí 1 mm, písítìn yóò ti epo àti afẹ́fẹ́ jáde kúrò ní ìkángun lọ sí àárín níbi tí iná wà. Àwọn kan máa ń fi gásíkẹ́ẹ̀tì nínípọn dín ìfúnpọ̀ kù, wọ́n á sì sọ àyè yìí di 2 mm. Ìfúnpọ̀ á dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì lè wá rọrùn láti bú gbàmù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí kòtò orí písítìn ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Písítìn, ríǹgì àti kọ́nrọ́ọ̀dù

Fún agbára tí a ń sọ yìí, ẹ ra písítìn tí wọ́n fi òòlù ẹ̀rọ rọ, dípò èyí tí wọ́n kàn yọ́ dà. Oríṣi alumíníọ̀mù méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4032 ní sílíkọ́nì nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í fẹ̀ púpọ̀ bó bá gbóná, nítorí náà àlàfo láàárín rẹ̀ àti ògiri lè kéré, kì í sì pariwo ní òwúrọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2618 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní sílíkọ́nì, ó le koko ju ìyẹn lọ nígbà tí ìbúgbàmù bá ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò àlàfo tó pọ̀ díẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ tí ó ń kan ògiri títí ẹ́ńjìnì yóò fi móoru. Fún ọkọ̀ ojú títì tó ní 350 agbára ẹṣin, 4032 ni èmi yóò yàn. Bí ẹ bá ń lọ sí 500, ẹ fara mọ́ ariwo òwúrọ̀.

Ẹnu ríǹgì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ ti ríǹgì kọ̀ọ̀kan wọ inú sìlíńdà tó ni ín gan-an, ẹ fi orí písítìn ti í kó lè tẹ́jú, kí ẹ sì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Fún ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, 0.35 sí 0.40 mm lè tó fún ríǹgì òkè nínú ihò 86 mm. Bí tọ́bò bá wà, ooru pọ̀ sí i, ríǹgì á gùn sí i, nítorí náà ẹ gbé e lọ sí nǹkan bí 0.45 sí 0.50, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìwé tí ó bá písítìn wá bó bá sọ ohun mìíràn. Bí ẹnu ríǹgì bá fi ara kan ara nígbà tí ó gbóná, kò ní ibi tí yóò gbà mọ́, á di ògiri mú, á sì fa orí písítìn ya. Àlàfo tó tóbi díẹ̀ jù yóò ná yín ní agbára tí ẹ kò ní mọ̀. Èyí tó kéré jù yóò ná yín ní ẹ́ńjìnì. Ẹ jẹ́ kí ti ríǹgì kejì tóbi tó ti àkọ́kọ́ tàbí kó jù ú lọ díẹ̀, kí ìfúnpá má bàa há sáàárín àwọn méjèèjì.

Ní ti kọ́nrọ́ọ̀dù, ẹ rántí pé bóòtù rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ́ńjìnì. Bóòtù ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó nà díẹ̀ bíi rọ́bà nígbà tí a dè é, nínà yẹn ló sì ń di ìdérí mú. Ìtọ́kasí tọ́kì wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn ipá tí a fi de bóòtù, kò sọ gbogbo òtítọ́, torí pé púpọ̀ nínú ipá tí ẹ fi ń yí i ni ìfagbùn ń jẹ. Ẹ wọn gígùn bóòtù kí ẹ tó dè é àti lẹ́yìn tí ẹ bá dè é, ẹ fi gíríìsì tí ilé iṣẹ́ bóòtù fúnra rẹ̀ ṣe pa á, kí ẹ sì dé iye nínà tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn. Ẹ kọ gígùn ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: bí ẹ bá tún ẹ́ńjìnì tú lọ́jọ́ iwájú, tí bóòtù kan sì gùn ju bó ti wà lọ, ẹ sọ ọ́ nù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bẹ́ríìnì àti ọ́ìlì

Bí àyè bá wà fún mi láti tẹnu mọ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, èyí ni. Kiráǹkì kì í fara kan bẹ́ríìnì bí ohun gbogbo bá lọ bó ti yẹ. Orí ìpele ọ́ìlì tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ló ń léfòó. Àlàfo tí ọ́ìlì yìí ń gbà ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n. Òfin tó ti pẹ́ ni pé kí àlàfo jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú ọrùn kiráǹkì: ọrùn 48 mm, àlàfo 0.048 mm. Fún àpẹẹrẹ wa, n ó gbà kí ó wà láàárín 0.045 sí 0.055. Bó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìfúnpá ọ́ìlì á lọ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnì gbígbóná. Bó bá fún jù, ọ́ìlì kò ní ṣàn tó láti kó ooru lọ.

Bí ẹ ó ti wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ fi bẹ́ríìnì sáyè rẹ̀, ẹ de ìdérí pẹ̀lú ipá ìkẹyìn, ẹ fi máíkírómítà wọn ọrùn kiráǹkì, ẹ dì í mú síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìwọ̀n yẹn ṣètò géèjì tí ẹ ó fi wọn inú bẹ́ríìnì. Ohun tí géèjì bá fi hàn ni àlàfo yín. Gbogbo irin náà gbọ́dọ̀ ti sùn nínú yàrá kan náà mọ́jú, nítorí pé irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wá yóò purọ́ fún yín. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n ní ibi tí ìlàjì bẹ́ríìnì méjì ti pàdé, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ kó fẹ̀ díẹ̀. Okùn ike rírọ̀ tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo àlàfo dára fún ìjẹ́rìí, kò tó fún ìpinnu.

Ní ti ìfúnpá, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni 10 psi fún gbogbo ìyípo 1000 nígbà tí ọ́ìlì bá ti gbóná, ìyẹn nǹkan bí 70 psi ní ìyípo 7000. Ẹ má ṣe lépa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfúnpá tó pọ̀jù ń jẹ agbára, ó sì ń gbóná ọ́ìlì lásán.

Pọ́ǹpù tó lágbára jù lọ kò lè ṣe ohunkóhun bó bá ń fa afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà pẹ̀lú ipá ẹ̀gbẹ́ tó bá ìwúwo ara rẹ̀ dọ́gba, èyí tí táyà rere lè ṣe, ọ́ìlì inú àwo ìsàlẹ̀ á dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 45. Nínú kọ́nà gígùn, gbogbo rẹ̀ á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu pọ́ǹpù á sì wà ní òfuurufú. Ẹ jó irin pélébé-pélébé mọ́ inú àwo ọ́ìlì láti dá a dúró, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo yí ẹnu pọ́ǹpù ká, kí ọ́ìlì lè wọlé láìlè sá jáde. Kò wọ́n, ó sì ti gba ẹ́ńjìnì púpọ̀ là. Ẹ tún fi ẹ̀rọ ìtutù ọ́ìlì sí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń dá ìtutù dúró títí ọ́ìlì yóò fi móoru, torí ọ́ìlì ọkọ̀ ojú títì tí kò móoru dáadáa rí kì í lè lé omi àti epo tó wọ inú rẹ̀ jáde. Ibi tó dára ni 90 sí 110°C. Bó bá ń kọjá 130°C déédéé, ohun kan kù tí ẹ kò tíì ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Orí ẹ́ńjìnì àti ìtòpọ̀

Orí ẹ́ńjìnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù, ni agbára ti ń wá, ṣùgbọ́n fún ẹ́ńjìnì tó ní tọ́bò ní ọkọ̀ ojú títì, ẹ kò nílò láti fẹ ihò rẹ̀ púpọ̀. Ìjókòó fáàfù (ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde) tó dí dáadáa àti sípírìǹgì tó lè dá fáàfù padà ṣáájú písítìn ṣe pàtàkì jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì irin oní-ìpele púpọ̀ ni ó dára jù fún ìfúnpá gíga, àmọ́ ó nílò kí ojú búlọ́ọ̀kù àti ti orí méjèèjì dán ju bí gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe fẹ́ lọ. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìgérin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá pààrọ̀ kámúṣáàfù, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, ẹ má gbà pé àmì tó wà lára rẹ̀ tọ́. Ẹ fi àwo oníwọ̀n sí orí kiráǹkì, ẹ wá òkè gíga písítìn gan-an, kí ẹ sì ṣètò kámúṣáàfù bí ìwé rẹ̀ ti wí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi amọ̀ rírọ̀ sí orí písítìn kan, ẹ to orí mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ yí kiráǹkì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tú u, kí ẹ sì gé amọ̀ náà wò. Ibi tó tín-ínrín jù kò gbọdọ̀ kéré ju 2 mm lọ fún fáàfù ìwọlé, kó sì tó 2.5 mm fún ti èéfín, nítorí pé ti èéfín ń gbóná, ó ń gùn, písítìn sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Ìtòpọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ sùúrù àti ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn bóòtù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dè, ẹ fi ọwọ́ yí kiráǹkì. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá le, ohun tí ẹ dè kẹ́yìn ló fà á, ẹ sì ti mọ ibi tí ẹ ó wò.

Ìgbésẹ̀ keje: Afẹ́fẹ́, epo àti omi ìtutù

Tọ́bò máa ń gbóná afẹ́fẹ́ tó ń tì. Bí afẹ́fẹ́ 30°C bá wọlé, tí a fún un títí ìfúnpá rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì nínú tọ́bò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè jáde ní nǹkan bí 125°C. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kò wúwo, ó sì ń pe ìbúgbàmù. Intercooler (ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára) tó tóbi, tí afẹ́fẹ́ iwájú ọkọ̀ ń kọjá lára rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, wúlò fún yín ju kí ẹ tún fi ìfúnpá kún un lọ.

Nọ́súlù tó ń fọ́n epo gbọ́dọ̀ tóbi tó láti má ṣe ṣí ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ. Ẹ́ńjìnì oní tọ́bò ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 270 bẹntiróòlù ní wákàtí fún agbára ẹṣin kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá tẹ ẹ́ dópin. Fún 350 agbára ẹṣin, èyí já sí kìlógíráàmù 95 ní wákàtí, tí nọ́súlù mẹ́rin yóò pín, nítorí náà ẹ wá èyí tó lè fọ́n 650 sí 700 cc ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún dán pọ́ǹpù epo wò pẹ̀lú ìfúnpá tó máa bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ má gba iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ nìkan, torí pọ́ǹpù tó ń tú epo yàà nígbà tí ohunkóhun kò dí i lè má tú tó ìdajì rẹ̀ nígbà tí tọ́bò bá ń tì í padà.

Rẹdiétọ̀ tó nípọn, fáànù tó dára àti páálí tó ń darí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà. Ẹ má yọ tẹ́mósítáàtì omi kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Sítáàtì àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dí epo dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí sítátà yí ẹ́ńjìnì títí géèjì yóò fi fi ìfúnpá ọ́ìlì hàn. Bó bá kọ̀, ẹ dúró kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti sítáàtì, ẹ wo ibi tó ń jò, ẹ jẹ́ kó móoru, ẹ má sì jẹ́ kó dúró lásán fún wákàtí kan bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Ìfúnpá inú sìlíńdà ló ń ti ríǹgì mọ́ ògiri, kò sì sí ìfúnpá gidi nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ẹ gbé e jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì láti ìyípo 2000 sí 4000, ẹ tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ fà á padà wálẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìfúnpá tọ́bò púpọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí kámúṣáàfù wọn ń fi ara ha táápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ nìkan ló yàtọ̀: ìyẹn fẹ́ ìyípo 2000 sí 2500 fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn sítáàtì àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọ́ìlì tó ní zinc púpọ̀.

Ẹ lo ọ́ìlì tí kì í ṣe síńtẹ́tíìkì fún ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Ẹ yí i padà lẹ́yìn nǹkan bí 50 kìlómítà, ẹ tún yí i padà ní 500. Nígbà méjèèjì, ẹ gé fílítà ọ́ìlì, ẹ tẹ́ ìwé inú rẹ̀ sí abẹ́ iná, kí ẹ sì fi mágnẹ́ẹ̀tì kọjá lára rẹ̀. Eruku wúrúwúrú tó ń dán díẹ̀ kò burú lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní. Ègé tí ìka lè mú, tàbí àwọ̀ bàbà bẹ́ríìnì, túmọ̀ sí pé ẹ ó tú u palẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìtúnṣe lórí dyno

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnì tó lọ sórí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára. Ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìwọ̀n epo sí afẹ́fẹ́ nínú èéfín, kó sì ní agbọ́rọ̀ tó so mọ́ búlọ́ọ̀kù kí ó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìbúgbàmù. Ìwọ̀n tó jóná pátápátá fún bẹntiróòlù ni 14.7 sí 1, ṣùgbọ́n nígbà tí tọ́bò bá ń tì dópin, a máa ń lo nǹkan bí 11.5 sí 12 sí 1, torí epo tó pọ̀ díẹ̀ ń tu inú sìlíńdà lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná tó ń tàn pẹ́ àti ìfúnpá kékeré, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ipá ìyí kò bá pọ̀ sí i mọ́ bí ẹ ti ń mú iná tàn ṣáájú, ẹ dá a padà ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi í síbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí oòrùn bá mú tàbí tí epo kò bá dára ṣì ń bọ̀.

Ẹ kò gbọdọ̀ kúrò lórí dyno láìṣètò ààbò sínú kọ̀ǹpútà náà: kí ó pa iná bí ìfúnpá ọ́ìlì bá já sísàlẹ̀ ohun tó yẹ ní ìyípo yẹn, bí ìfúnpá epo bá dínkù, bí omi bá kọjá 110°C, tàbí bí epo kò bá tó fún afẹ́fẹ́ nígbà tí tọ́bò ń tì. Iná pupa lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó. Ẹni tó ń sáré kì í wo ibẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sì ti pọ̀ jù fún bẹ́ríìnì tí kò rí ọ́ìlì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá rin 1500 kìlómítà, ẹ yí ọ́ìlì sí síńtẹ́tíìkì, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ tì sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan láti wo iye tó ń jò. Ẹ́ńjìnì tuntun tó dí dáadáa kì í jò ju nǹkan bí ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ fetí sí ibi tó ń jò gbà: bó bá ń mí láti ihò ọ́ìlì, ríǹgì ni, bó bá ń mí láti ọ̀nà èéfín tàbí ọ̀nà afẹ́fẹ́, fáàfù ni, bí omi bá ń hó nínú rẹdiétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé kan náà tí ẹ kọ àlàfo bẹ́ríìnì àti gígùn bóòtù sí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní gbogbo 10,000 kìlómítà, kí ẹ lè rí sìlíńdà tó bá ń yàtọ̀ sí àwọn yòókù nígbà tí ó ṣì jẹ́ ríǹgì nìkan ni ẹ ó pààrọ̀.